Bí A Ṣe Ń Yan Kóòdù Bíìlì fún Sténtì Inú Iṣan Ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Sténtì ni irin kékeré tí dókítà máa ń fi sílẹ̀ nínú iṣan kí ó má baà padé. Kí ẹ tó ṣí ìwé kóòdù rárá, ẹ wo ọjọ́ tí dókítà ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ iṣẹ́ ló ń pinnu kóòdù tí a ó lò, kì í ṣe ọjọ́ tí a jókòó láti kọ bíìlì. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011 títí dé òpin ọdún 2025, kóòdù 16 péré, 37220 sí 37235, la fi ń kọ bíìlì fún ṣíṣí iṣan ẹsẹ̀ tó ti fún tàbí tó ti dí. Nígbà tí ọdún 2026 wọlé, American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ni CPT, ìyẹn ìwé kóòdù iṣẹ́ dókítà, yọ gbogbo wọn kúrò, wọ́n sì fi 46 tuntun rọ́pò wọn, láti 37254 dé 37299. Ẹni tó bá fi kóòdù àtijọ́ sí iṣẹ́ ọdún 2026, kọ̀ǹpútà ni yóò dá bíìlì rẹ̀ padà kí ojú èèyàn tó kàn án. Ẹ má sì tíì ju ìwé àtijọ́ nù o. Medicare, ètò ìlera ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, fún wa ní oṣù 12 láti ọjọ́ iṣẹ́ kí bíìlì fi wọlé, nítorí náà iṣẹ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ṣì lè wà lórí tábìlì yín nínú ọdún 2026, kóòdù àtijọ́ ló sì máa gbà.

Ọ́fíìsì dókítà ní Houston ni o, inú yàrá yín ní Ìbàdàn lẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ bíìlì òkè òkun ni o, òfin kan náà ló de gbogbo wa. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù ni pé inú àkọsílẹ̀ dókítà ni kóòdù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣan ẹsẹ̀ dáadáa tí kò há kóòdù kankan sórí yóò kọ bíìlì tó tọ́ ju ẹni tó há gbogbo 46 sórí tí kò mọ ibi tí iṣan popliteal wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ dé ìsàlẹ̀

Àkọlé lè sọ pé "sténtì ẹsẹ̀ ọ̀tún", kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ bá a pé bàlúùnù nìkan ni dókítà fi fẹ iṣan náà, ó wo àwòrán, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó ṣe la ń gba owó lé, kì í ṣe ohun tó gbèrò láti ṣe.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ máa kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí òsì, àgbègbè wo nínú ẹsẹ̀, iṣan wo gan-an, kí ni dókítà fi ṣí i, ṣé iṣan náà fún ni, àbí ó dí pátápátá. Ìkarùn-ún yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Kò já mọ́ nǹkan fún CPT tẹ́lẹ̀, torí kóòdù kan náà ni iṣan tó fún àti iṣan tó dí ń gbà. Láti ọdún 2026, ìwé ti yà wọ́n sọ́tọ̀: iṣan tó fún ni wọ́n ń pè ní straightforward, èyí tó dí ni complex, owó wọn kò sì dọ́gba. Dókítà tó bá kọ "severe disease" lásán, tí kò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ kankan ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ti fi yín sínú òkùnkùn.

Bí ọ̀kan nínú márààrún bá sọnù, ẹ kọ ìbéèrè sí dókítà, kí ó fi àfikún tó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lù sínú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ẹ má ṣe fi àbá dí àlàfo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òfin HIPAA, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ àgbègbè, ẹ mọ iṣan

Iliac wà nínú ìbàdí, ó sì ní iṣan mẹ́ta: common iliac, internal iliac àti external iliac. Femoral-popliteal sọ̀ kalẹ̀ láti itan dé ẹ̀yìn orúnkún. Tibial-peroneal wà láti abẹ́ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, òun náà ní mẹ́ta: anterior tibial, posterior tibial àti peroneal. Ibi kékeré kan wà lókè wọn tó ń jẹ́ tibioperoneal trunk. Àgbègbè yìí ló wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣan kẹrin, ẹ má kà á lọ́tọ̀. Ìwé tuntun wá fi àgbègbè kẹrin kún un, inframalleolar, ìyẹn àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ ka àgbègbè sí àdúgbò, kí ẹ ka iṣan sí ojúlé. Ojúlé àkọ́kọ́ tí dókítà wọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń gba kóòdù àkọ́kọ́. Ojúlé mìíràn ní àdúgbò kan náà ń gba kóòdù àfikún, èyí tí ìwé fi àmì + síwájú rẹ̀. Bí dókítà bá kọjá sí àdúgbò mìíràn, kóòdù àkọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì náà ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú ìwé àtijọ́, odidi femoral-popliteal ni a kà sí iṣan kan ṣoṣo. Dókítà ìbá fi sténtì sí itan, kó tún fá èérí kúrò nínú popliteal lẹ́yìn orúnkún, kóòdù kan náà ni, 37227, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sí kóòdù àfikún fún àgbègbè yẹn rárá. Ìwé tuntun ní in. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ àṣà àtijọ́ lè máa fi owó sílẹ̀ nílẹ̀ báyìí láìmọ̀. Ẹ ka àlàyé tó wà lókè àwọn kóòdù náà nínú ìwé kí ẹ tó pinnu ohun tó jẹ́ iṣan kejì.

Ẹ tún fojú sí ibi tí àìsàn kan ti gùn, tó bẹ̀rẹ̀ nínú external iliac tó sì wọ inú femoral. Bí sténtì kan bá tó o, kóòdù kan ló máa gbà, bó tilẹ̀ tẹ àgbègbè méjì mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí ni dókítà lò?

Irinṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: bàlúùnù tó ń fẹ iṣan, sténtì tó ń dúró síbẹ̀ kí iṣan má baà padé, àti atherectomy, ìyẹn fífá èérí tó lẹ̀ mọ́ ara iṣan. Iṣan kan, kóòdù kan. Kóòdù tó ga jù lọ nínú ohun tí dókítà ṣe sí iṣan yẹn ló ń gbé ìyókù mì. Sténtì gbé bàlúùnù mì. Sténtì pẹ̀lú atherectomy gbé méjèèjì mì. Bí bàlúùnù kò bá ṣiṣẹ́ tí dókítà wá fi sténtì gbà á là, kóòdù sténtì nìkan la ó kọ.

Iye sténtì kò sì kan CPT. Kí dókítà to mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn nínú iṣan kan, kóòdù kan ni.

Fún iṣẹ́ tó ṣẹlẹ̀ kí ọdún 2025 tó parí: 37221 ni sténtì inú iliac, +37223 sì ni ti iliac kejì. 37226 ni sténtì femoral-popliteal, 37227 bí atherectomy bá bá a rìn. 37230 ni ti tibial-peroneal, 37231 pẹ̀lú atherectomy. Àfikún wọn ni +37234 àti +37235. Bàlúùnù nìkan: 37220 nínú iliac, 37224 nínú itan, 37228 nísàlẹ̀ orúnkún.

Ti ọdún 2026 ní ìlà tó rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Iliac gba 37254 dé 37262, femoral-popliteal gba 37263 dé 37279, tibial-peroneal gba 37280 dé 37295, inframalleolar gba 37296 dé 37299. Nínú àgbègbè kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n tò wọ́n: iṣan àkọ́kọ́ tó fún, àfikún rẹ̀, iṣan àkọ́kọ́ tó dí, àfikún tirẹ̀ náà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti bàlúùnù, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti sténtì. Fún itan àti ìsàlẹ̀ orúnkún, mẹ́rin atherectomy wá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mẹ́rin sténtì pẹ̀lú atherectomy. Nítorí náà, sténtì iliac wà ní 37258 sí 37261, ti femoral-popliteal ní 37267 sí 37270, ti tibial-peroneal ní 37284 sí 37287. Nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀, bàlúùnù nìkan ló ní kóòdù. Kóòdù méjì tó kù, +37262 àti +37279, jẹ́ ti lithotripsy, ìgbì tó ń fọ́ kálsíọ́ọ̀mù tó ti le bí òkúta nínú iṣan. A máa ń kọ ọ́ kún kóòdù iṣẹ́ gangan.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ ṣì ṣí ìwé ọdún tí ẹ wà, kí ẹ ka gbólóhùn kóòdù náà tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìkìlọ̀ kan: 37236 kì í ṣe ti iṣan ẹsẹ̀ tó fún tàbí tó dí. Iṣan ibòmíràn nínú ara ló wà fún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣan popliteal wú ni, tí dókítà fi sténtì tó ní aṣọ bò ó nínú, kì í ṣe dídí la tọ́jú níbẹ̀, 37236 gan-an ló yẹ. Fún iṣan àbọ̀, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, 37238 ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun tó ti wà nínú owó, ẹ má tún un gbà

Ibí ni bíìlì ti ń bàjẹ́ jù. Kóòdù sténtì ẹsẹ̀ ti ní gígún abẹ́rẹ́ sínú iṣan nínú, ó ní títi kátítà dé ibi àìsàn, kíkọjá ibi tó dí, àwòrán tó tọ́ dókítà sọ́nà, àwòrán ìparí tó fi hàn pé ó ṣí, àti dídí ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá kọ 36247 fún kátítà kún sténtì nínú iṣan kan náà ń béèrè owó ẹ̀ẹ̀mejì. NCCI, ìyẹn àkójọ kóòdù tí kò yẹ ká kọ pọ̀, tí Medicare ń tún ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, yóò mú un.

Àwòrán ìwádìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. A lè kọ 75710 fún ẹsẹ̀ kan tàbí 75716 fún méjèèjì lọ́tọ̀, bí kò bá sí àwòrán onákátítà kankan tẹ́lẹ̀, tí dókítà ya àwòrán ìwádìí pípé lọ́jọ́ náà, tó sì jẹ́ pé ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un pinnu láti ṣiṣẹ́. Bí àwòrán bá ti wà tẹ́lẹ̀, a ṣì lè kọ ọ́ bí ara aláìsàn bá ti yí padà, tàbí bí èyí tó wà kò bá fi iṣan náà hàn dáadáa. Àkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ èyí, ní gbólóhùn tó yé èèyàn. Nígbà náà la ó fi modifier 59, àmì tí a ń so mọ́ ìdí kóòdù láti sọ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, sí àwòrán náà; bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ló ni ẹ̀rọ, modifier 26, tó sọ pé iṣẹ́ dókítà nìkan la ń gba owó lé, náà á wà níbẹ̀. Modifier 59 kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń lò ó lójoojúmọ́ bíi pé òun ni. Àwọn olùyẹ̀wò mọ̀ wọ́n.

Àwọn tó dá dúró gedegbe: ultrasound inú iṣan, 37252 fún iṣan àkọ́kọ́ àti +37253 fún àfikún, yíyọ ẹ̀jẹ̀ dídì, 37184 àti àwọn ará rẹ̀, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, 37211. Oògùn oorun díẹ̀ tí dókítà fúnra rẹ̀ bójú tó, 99152, kó má dín ní ìṣẹ́jú 10, kí wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sì wà lákọsílẹ̀.

Bí dókítà kò bá rí ọ̀nà kọjá ibi tó dí, tí kò fẹ nǹkan kan, tí kò fi sténtì kankan sí i, kò sí kóòdù sténtì fún un. Kátítà tó tì wọlé àti àwòrán tó yà la ó kọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Kóòdù àìsàn gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ mu

I73.9 ni ọ̀lẹ máa ń kọ, nítorí pé ó rọrùn. Kò sọ ẹsẹ̀ wo, kò sọ bí àìsàn ti le tó, ẹni tó ń sanwó sì lè má gbà á fún sténtì. Ìdílé I70.2 ni kí ẹ wọ̀. Bí aláìsàn bá ń ní ìrora nígbà tó bá rìn, tó sì ń dáwọ́ dúró bó bá sinmi, I70.211 ni fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, I70.212 fún òsì, I70.213 fún méjèèjì. Ìrora tí kò lọ bó ti wù kó sinmi tó ń gba I70.221, 222 tàbí 223. Egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú I70.23 gẹ́gẹ́ bí ibi tó wà, ti òsì wà nínú I70.24, a ó sì fi L97 kún un láti sọ bí egbò náà ti jinlẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ tó ti ń kú gba I70.261, 262 tàbí 263. Bó bá ti pẹ́ tí iṣan náà ti dí pátápátá, ẹ fi I70.92 tẹ̀ lé e. Bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà irú kejì, E11.51 náà yóò wọlé, tàbí E11.52 bí ẹsẹ̀ bá ti ń kú. Sténtì àtijọ́ tó tún fún padà? T82.856A ni fún ìtọ́jú tó ń lọ lọ́wọ́.

Fún ìrora ìrìn, ẹni tó ń sanwó máa ń wá ẹ̀rí pé wọ́n ti gbìyànjú ohun tó rọrùn kí wọ́n tó fi irin sínú iṣan. Kí ìwọ̀n ABI wà nínú fáìlì, ìyẹn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ tí a fi ti apá pín, 0.90 sílẹ̀ kò dára. Kí oògùn tó ń lò wà níbẹ̀, kí eré ìmárale sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2017 ni Medicare ti ń sanwó eré ìmárale alábòójútó fún irú aláìsàn yìí, ìjókòó 36 láàárín ọ̀sẹ̀ 12, kóòdù 93668. Ó yà mí lẹ́nu pé fáìlì tó mẹ́nu kan án kò pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Modifier àti fọ́ọ̀mù

RT fún ọ̀tún, LT fún òsì. Bí iṣẹ́ kan náà bá ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, modifier 50. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ ni sténtì méjì tí wọ́n gbé sínú common iliac ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, tí orí wọn kanra ní oríta ibi tí iṣan ńlá ti pín. Nínú ìwé àtijọ́, 37221-50 ni. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kan fẹ́ ìlà méjì pẹ̀lú RT àti LT dípò 50, ẹ yẹ ìlànà ẹni tó ń sanwó wò.

Bíìlì dókítà ń lọ lórí fọ́ọ̀mù CMS-1500: àyè kóòdù àìsàn 12, ìlà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí mẹ́rin. Ẹ kíyè sí kóòdù ibi iṣẹ́: 11 fún ọ́fíìsì dókítà, 22 fún ilé ìwòsàn láìsùn síbẹ̀, 21 fún ẹni tí wọ́n dá dúró, 24 fún ibùdó iṣẹ́ abẹ. Iye owó 11 máa ń ga gan-an, torí dókítà ló ra sténtì lápò ara rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ń lo fọ́ọ̀mù UB-04. Fún aláìsàn tí kò sùn síbẹ̀, CPT náà ni, pẹ̀lú kóòdù ohun èlò: C1876 fún sténtì lásán tó bá kátítà rẹ̀ wá, C1874 fún èyí tó ní ìbòrí. Fún ẹni tí wọ́n dá dúró, CPT kò wúlò fún ilé ìwòsàn, ICD-10-PCS ni, ìwé kóòdù iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ń lò fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, sténtì kan nínú femoral ọ̀tún láti ojú abẹ́rẹ́ jẹ́ 047K3DZ, ti òsì jẹ́ 047L3DZ. Bó bá jẹ́ méjì, D á di E, mẹ́ta, F. Bí sténtì bá ní oògùn lára, 4 ló dúró fún ẹyọ kan, 5 fún méjì. Ẹ rí i pé iye tí CPT kò bìkítà fún, PCS ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan

Aláìsàn kan, kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ní egbò lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti jinlẹ̀ dé ọ̀rá. Kò sí àwòrán onákátítà tẹ́lẹ̀. Dókítà gba itan òsì wọlé, ó ya àwòrán ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó rí i pé superficial femoral ti dí pátápátá láti ọjọ́ tó pẹ́, anterior tibial sì fún. Ó fi bàlúùnù àti sténtì méjì ṣí femoral, ó fi bàlúùnù nìkan fẹ anterior tibial. Ilé ìwòsàn ni, aláìsàn lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Bó bá jẹ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2025: 37226-RT, 37228-RT, àti 75710 pẹ̀lú 26, 59 àti RT. Bó bá jẹ́ ọdún 2026: 37269 fún sténtì femoral tó dí, 37280 fún bàlúùnù tibial tó fún, àwòrán náà bákan náà. Méjèèjì jẹ́ kóòdù àkọ́kọ́ nítorí pé àgbègbè wọn yàtọ̀. Sténtì kejì kò mú owó kankan wá. Gbígbà láti itan òsì kò ní kóòdù tirẹ̀. Àìsàn: I70.235, L97.512, I70.92. Ibi iṣẹ́: 22.

Bí wọ́n bá dá bíìlì padà

Kóòdù CO tó bá a wá ló ń sọ ìdí tí wọ́n fi dá a padà. CO-97 túmọ̀ sí pé wọ́n ní ohun tí ẹ kọ ti wà nínú òmíràn. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4. CO-4, modifier kò bá kóòdù mu. CO-11, àìsàn kò bá iṣẹ́ mu, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní ìlà kan tí òsì sì wà ní èkejì. CO-197, kò sí ìyọ̀ǹda ṣáájú. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ìyọ̀ǹda wà tí ẹ kò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, tàbí pé bàlúùnù ni wọ́n yọ̀ǹda tí dókítà wá fi sténtì sí i. CO-50, wọn kò gbà pé iṣẹ́ náà pọn dandan, èyí ló le jù.

Àṣìṣe ọwọ́ lásán, ẹ tún un ṣe kí ẹ tún un fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n CO-50 ń fẹ́ àfilọ́, ìyẹn kí a kọ̀wé pé kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Medicare fún wa ní ọjọ́ 120 láti ọjọ́ tí ìwé ìpinnu bá dé ọwọ́ wa fún ìpele àkọ́kọ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ, èsì ABI, àwòrán, àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò tó ṣáájú iṣẹ́ àti àkójọ oògùn ránṣẹ́ pa pọ̀, kí lẹ́tà tó bò wọ́n sì tọ́ka sí ojú ewé tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó ń ka àfilọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì níwájú rẹ̀, kò ní bá yín wá a.